Nígbà Tí Ìyá Onílé Mi Kọ Ọmọ Ẹja

Èéfín ẹja ló máa ń jí mi ní Bàrígà. Bí o bá sún mọ́ etí ọ̀sà láàárọ̀, òórùn epìyà orí ààrò, ti ẹrẹ̀ àti ti epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi á para pọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ọ láṣọ títí dé Akoka. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, àwọn olùwádìí kan sì gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa bi àwọn apẹja léèrè bóyá ọ̀sà náà ṣì lè máa bọ́ wọn títí lọ. Mo gba yàrá lọ́wọ́ ìyá kan, ará Ìlàjẹ, tó ń yan ẹja tà. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, àbúrò wọn ọkùnrin ló ń pa ẹja wá fún wọn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdáhùn. Ẹja ti dín kù, gbogbo wọn ló mọ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn ti da ìsàlẹ̀ omi rú, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ìgboro sì ń bá òjò wọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ làwọn apẹja ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há, èyí tó ń kó tọmọ tìyá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tó máa kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, nítorí ẹni tó bá dáwọ́ dúró, ebi ló ń pè.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ìyá yìí gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ níwájú ààrò. Ẹja inú rẹ̀ kò gùn tó ìka ọwọ́. Ìyá fọwọ́ tú u wò, wọ́n sì tì í padà.

"Mi ò yan èyí."

Ó rò pé wọ́n ń ṣeré. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí wá ni káwọn ọmọ mi jẹ?"

"Ohun táwọn ọmọ ọmọ ẹ máa jẹ lo kó sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn."

Ó gbé ẹja rẹ̀, ó tà á fún ẹlòmíì, kò sì yà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra òkú Èkó, ẹja inú yìnyín, ní Fádèyí, ìyẹn ni wọ́n ń yan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: ọmọ etí omi ń ra ẹja yìnyín! Ìyá á kàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń wọlé, mo máa ń rí i tí ojú wọn ń wá ọkọ̀ àbúrò wọn láàárín àwọn yòókù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí inú ẹ̀ bá rọ̀, á wá."

Ìgbà òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà tí àbúrò wọn dé. Ó gbé àwọ̀n tuntun kan léjìká, ojú àwọ̀n náà fẹ̀ dáadáa. Kò kí wa púpọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi so òjé mọ́ ọn." Ìyá nu ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń so òjé tó máa fa àwọ̀n náà rì. Àbúrò wọn fa okùn kan le.

"Ẹja tí màá máa kó wá ò ní pọ̀ o."

"Èyí tó bá wá la máa yan."

Kò pọ̀ lóòótọ́. Ìyá ò lè fi òkú Èkó sílẹ̀. Àwọn apẹja kan ra irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò fi èyí tí ojú rẹ̀ há sílẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn ò sì kúrò níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ròyìn fáwọn olùwádìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá omi kan ṣì lè bọ́ àwọn tó ń gbé létí rẹ̀, kì í ṣe ẹja ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Mo máa ń béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ pé ó tó, àti bóyá ọmọ ìyá náà lè bínú lọ, kó sì tún padà wálé.