Ìlà Tuntun Tí Tún-un-kà Fà Sínú Ìwé Ìjọba

Tún-un-kà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, nítorí bí ẹ bá fún un ní páálí bírò kan péré, yóò kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i. Odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí tábìlì kan náà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná. Lọ́dọọdún, òun ló ń kọ iye tí ìjọba fi ran epo àti èédú lọ́wọ́, iye tó fi ran núkílíà lọ́wọ́, àti èyí tó fi ran iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Àṣà ọ́fíìsì náà ni pé owó tí kò bá ní ìwé ìsanwó, wọn kì í kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Owó orí tí ìjọba ní kí àwọn elépo má san kò ní ìwé ìsanwó. Ẹrù ìdọ̀tí núkílíà tí ìjọba gbà pé òun yóò máa tọ́jú náà ò ní. Ti oòrùn ló ń jáde ní owó gidi, tòun tìwé ẹ̀. Ẹ ò rí irọ́ tí wọ́n ń fi òótọ́ pa! Lọ́dọọdún, iná oòrùn ló máa ń dà bí ọ̀jẹun.

Lọ́dún yìí, àwọn aṣòfin kan fẹ́ fi ìwé náà fagi lé ìrànwọ́ iná oòrùn. Bẹ́ẹ̀, àbúrò Tún-un-kà ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó ń retí iná oòrùn láti inú ìrànwọ́ náà. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣì fi ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Ojú ti ẹ̀gbọ́n gidigidi. Ó fa ìlà tuntun sínú ìwé, ó kọ “Ohun tí ìjọba yááfì” sókè rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ káwọ́ lérí. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, owó tí ò jáde lápò, báwo lẹ ṣe fẹ́ kà á?”

“Ọ̀gá, tí onílé mi bá ní kí n má san owó ilé ọdún yìí, ṣé kò ràn mí lọ́wọ́ ni?”

Ọ̀gá ti ìwé náà padà sí i. “Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ ọ́ fún wọn o. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀.”

Ó lọ. Níwájú aṣòfin mọ́kànlá, ó ṣí ìwé náà. Ó ka ìlà náà látòkè délẹ̀: epo àti èédú gba ìlọ́po mẹ́fà ohun tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbà, núkílíà sì gba ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n dìbò, mẹ́jọ ní kí ìrànwọ́ oòrùn dúró, mẹ́ta ní kó lọ. Ó dúró!

Aṣòfin tó gbé àbá pé kí wọ́n fagi lé ìrànwọ́ náà wá tọ̀ ọ́ lọ. “Màmá, ìgbà wo lẹ ti mọ èyí?”

“Láti ọdún tí mo wọṣẹ́.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dákẹ́?”

“Ẹ̀rù yín ló ń bà mí.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kò bà mí mọ́.”

Ó gba àárín gbọ̀ngàn náà jáde, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó sì pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. “Nọ́ọ̀sì mi, ẹ gbá òrùlé yín mọ́. Iná oòrùn ń bọ̀!”