Bí Rhona Petrie Ṣe Dá Ìdíje Àwọn Àgbà Obìnrin Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù Rhona Petrie, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́ tí mo bá ní obìnrin náà kì í fìdí kalẹ̀. Ẹ̀yìn ríro ló lé e kúrò lórí pápá lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Coll, ọkọ rẹ̀, ra àga tìmùtìmù fún un, ó gbé e síbi tí yóò ti máa wo òkun. Rhona kì í mu ife tíì kan tán kó tó dìde lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ sọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìlú Arbroath, ó sì bá Senga Mowat nídìí ibi ìsanwó, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Senga! Ẹni tó gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹrin láyé ọjọ́un.

“Ṣé o ṣì ń gbá gọ́ọ̀fù?” ni Rhona bi í.

“Mò ń gbá a lẹ́yìnkùlé. Àwọn àgùntàn ló ń wò mí. Ẹja ọwọ́ ẹ yẹn, ṣé o fẹ́ rà á ni àbí o kàn ń gbé e rìn?”

Rhona gbàgbé ẹja síbẹ̀. Ilé mi ló gbà wá, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

“Ailie, àwọn ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ní ìdíje tí wọ́n fi ń jẹun. Àwa ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sin wá ni?”

Láti ọjọ́ náà, oorun dá lójú èmi náà. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù mọ́kànlá la fi ọkọ̀ rẹ̀ kékeré dé. Wọ́n ń fún wa ní tíì, wọn ò fún wa ní pápá tí a ó fi ṣe ìdíje tiwa. Ní ẹgbẹ́ Inverbrock, Ọ̀gbẹ́ni Dalgarno, akọ̀wé wọn, ṣí ìwé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Màdáámú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló ṣẹ́ kù, nínú oṣù kọkànlá. Ẹ ṣáà mọ bí ojú ọjọ́ wa ṣe máa ń rí nígbà yẹn.”

Ó rò pé a ó kọ̀.

“A ti gbà á,” ni Rhona wí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin mẹ́rìnlélógún ló wá, tí ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba eegun ìbàdí tuntun. Atẹ́gùn ń gbé òjò gba ẹ̀gbẹ́ lù wá. Rhona ń sáré káàkiri, ó ń gbé àsíá ihò tó wó dìde, ó ń kọ ayò sílẹ̀. Nígbà tí Senga dé ihò keje, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

“Wá gbá ọ̀kan.”

“Mi ò ráyè.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè àyè? Ẹ̀rù ló ń bà ọ́.”

Rhona gbà á. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọnú òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tọrọ òmíràn. Ìyẹn fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ atẹ́gùn, ó bà sítòsí àsíá. Ó yíjú sí mi.

“Ṣé o rí i, Ailie? Ṣé o rí i?” Bí ẹni pé mo fọ́jú.

Senga ló gba ife-ẹ̀yẹ. Dalgarno, tó ti dúró sínú òjò wò wọ́n dé òpin, fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e.

Pápá mẹ́fà ni ìdíje náà ń dé báyìí lọ́dọọdún. Rhona ń gbá nínú méjì, ẹ̀yìn ló máa ń wà, inú sì máa ń bí i bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ká lọ wo pápá kan ní erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi ń dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

“Gbé e dání,” ló wí, “ká máa lọ.”