Ọ̀bọ Tó Mọ Ohùn Odó

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀bọ kì í gbọ́ràn, ẹ ní kó wá bá mi ní Ẹ̀fọ̀n. Èmi ti rí ọ̀bọ tó gbọ́ràn ju àwọn tó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi lọ, mi ò sì purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, wẹ́dà ni, iná ló fi ń jó irin pọ̀. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nídìí iná, ó fi ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè ṣe ọgbà tí àwọn èèyàn lè jókòó sí, kí wọ́n mu mínírà, kí wọ́n sì wo ẹranko. Ó ní ìjàpá, ó ní òòrẹ̀, ó ní erè kan tó jẹ́ pé oorun ló ń sùn látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì ọgbà náà, nítorí náà kò sí ohun tó wọlé tàbí tó jáde tí mi ò rí. Wọ́n ní mo máa ń yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Irọ́ ni. Gbogbo ohun tó bá ti ní ojú àti imú ló kàn mí.

Àrámọ̀kọ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí ọ̀bọ náà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń mú un jó káàkiri ọjà. Okùn ti jẹ ẹ́ lọ́rùn débi pé awọ ibẹ̀ ti bó. Akọ ni, ó ga tó ajá ọdẹ, eyín rẹ̀ sì gùn ju ti ajá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi rà á, ó gbé e wálé, ó fi irin kọ́ ilé fún un. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń fún un lóúnjẹ. Ọmọ Ọ̀ṣun ni ìyàwó wa yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ iyán gún ju èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tèmi ni wíwò. Mo lè gbé aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣíìnì kí n lọ máa wo bí ó ṣe ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Yóò bó o tán, yóò yí i síwá sẹ́yìn, yóò gbóòórùn rẹ̀, kó tó bù ú jẹ. Kí ló ń wá níbẹ̀? Títí di òní mi ò mọ̀.

Ìgbà tó yá, obìnrin kan dé láti Adó, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹranko igbó. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó lọ dúró síbi tí àwọn àlejò máa ń dúró sí, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin ilé ọ̀bọ.

"Bàbá," ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi, "bí ọwọ́ tèmi bá tó o, ọwọ́ tirẹ̀ náà á tó mi."

Ó ní kí a fi irin mìíràn yí ilé náà ká lókèèrè, kí àlejò má lè sún mọ́ ọn. Ó ní àlejò kankan kò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́rìn-ín. Ní Ẹ̀fọ̀n? Níbi tí o kò ti lè jẹ ẹ̀pà lójú ẹni tí o kò mọ̀ rí láì sọ pé "wá bá mi jẹ"? Àwọn àlejò wa kì í yọ ọ̀bọ sílẹ̀ nínú ìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ pè é wá jẹun kí wọ́n tó gbé àkàrà sẹ́nu. Obìnrin náà ní òun mọ̀, ọmọ Èkìtì lòun náà, àmọ́ bí gbogbo ẹni tó bá ní ìwà bá ń fún ọ̀bọ lóúnjẹ, inú rẹ̀ ni yóò pa á.

Ó tún ní ilẹ̀kùn ilé ọ̀bọ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí yàrá kékeré kan wà láàárín wọn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n wọ ti àkọ́kọ́, kí n tì í mọ́ ara mi, kí n tó ṣí èkejì. Bí ọ̀kan bá ṣí, èkejì gbọ́dọ̀ wà ní títì.

"Ṣé ẹyọ kan kò lágbára tó ni?" mo bi í.

"Ó lágbára, mà. Ènìyàn ló máa ń gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé e délé, mo ń rò ó bí mo ṣe ń ro ọbẹ̀.

Ìbéèrè tó bi wá gbẹ̀yìn ló wá le jù. Ó ní, "Bí ó bá jáde ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ní kò lè jáde. Obìnrin náà ní òun kò béèrè bóyá ó lè jáde, òun ní bí ó bá jáde ńkọ́. Ó ní kí a kọ́ ọ ní ohùn kan, tó jẹ́ pé bí ó bá ti gbọ́ ọ, á mọ̀ pé oúnjẹ wà nílé, á sì wọlé fúnra rẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀, bí òun kò bá sì bá gbogbo nǹkan wọ̀nyí nílẹ̀, wọn yóò wá gbé ọ̀bọ náà lọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Kì í sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ọ̀bọ yẹn lọ, ọkùnrin náà kò ní jẹun.

Irin kò ṣòro fún un. Kò pẹ́ tó fi jó irin ilẹ̀kùn méjèèjì pọ̀, tó sì fi irin yí ilé náà ká. Ọ̀rọ̀ ohùn ló kù. Ó fọn fèrè, ọ̀bọ kò bojú wẹ̀yìn. Ó lu agolo, ọ̀bọ sá sí kọ̀rọ̀, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní kí n kọrin, mo kọ ọ́, ọ̀bọ ń wò mí ṣáá. Ìyàwó wa ló bi wá pé ṣé a kò tíì kíyè sí i pé bí òun bá ti ń gúnyán, ọ̀bọ á ti dúró síbi irin? Ó máa ń bu òkèlè kan nínú iyán gbígbóná, á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tutù, á jù ú sí i.

Bí a ṣe gbé odó lọ sẹ́nu ilé ọ̀bọ nìyẹn. Ìyàwó wa á gún un, gbì, gbì, gbì, ọ̀bọ á sáré láti iwájú ilé rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn tó máa ń sùn sí, á na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi á ti ilẹ̀kùn yàrá náà, òkèlè á wọlé láti ojú ihò ara irin. Kò kùnà rí. Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe ń gbé àyà kiri! Ó ní kí obìnrin Adó tètè máa bọ̀. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwa tí wọ́n bí sí Èkìtì àti ẹni tó lọ́kọ sí Èkìtì, kò sí ẹni tó rántí pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni odó wà.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn ìsìn. Iṣu ti wà lórí iná. Ìyàwó wa wọ ilé ọ̀bọ láti pààrọ̀ omi. Ó ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ mọ́ ara rẹ̀, ó ṣí èkejì, ó ń da omi sínú ìkòkò, gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó kù láyé wọ ọgbà, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Ìyàwó," bàbá wí, "ẹ kú ulé o."

Ẹ gbà mí! Ìyàwó ilé wo ni yóò wà ní òró láàárín irin, kó máa kí bàbá ọkọ? Ìyàwó wa gbé korobá sílẹ̀, ó jáde gba ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì láì tì wọ́n, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí yanrìn. Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Ẹ ò mọ bàbá wa yìí. Kì í wúre kékeré. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ, á dé orí oko, á dé orí ọ̀nà, á padà sórí ọmọ. Ta ni yóò dìde láàárín ire? Ìyàwó wa ń ṣe àmín, ọ̀bọ ń jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Mo rí i láti ṣọ́ọ̀bù. "Yéè! Ọ̀bọ ti jáde o!" Bàbá bínú, ó ní kí ló dé tí mo fi ń pariwo lórí àdúrà. Kó tó sọ ọ́ tán, ọ̀bọ ti wà lórí páànù ilé kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Uyán! Ẹ gún uyán, kíá!" Ìyàwó wa da iṣu sínú odó, ó ń sunkún, ó ń gún un. Ọ̀bọ gbọ́. Ó yí orí sọ́dọ̀ wa. Ó tún yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ìgbà náà ni èmi náà wá gbọ́ ọ. Gbì, gbì, láti òkè. Gbì, gbì, láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, gbogbo Ẹ̀fọ̀n ló ń gúnyán!

Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ìpè láti ojúlé dé ojúlé. Nílé kan, wọ́n ju ọmọ odó sí i. Nílé mìíràn, ó gbé òkèlè nínú àwo lójú baálé, ó sì bá orí ògiri lọ. Àwọn ọmọdé ń sá, àwọn kan tún ń sáré tẹ̀ lé e, èyí tó burú jù. Ọdẹ àdúgbò wa gbé ìbọn jáde. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú," ó wí. "Ọmọ ọwọ́ wà nílẹ̀ káàkiri, ẹranko tó ní eyín báyìí! Bó bá tún fi lè wọ ilé ẹnìkan, mo máa yìnbọn fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. Fún ẹni tí ó kéré sí i! Omi bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Mo bá ká yẹ̀rì, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Alùfáà wa ṣì ń bọ́ aṣọ ìsìn. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tan gbohùngbohùn tó wà lórí òrùlé, kí wọ́n sọ fún ìlú kí wọ́n má ṣe gúnyán mọ́. Alùfáà wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n fagi lé Kérésìmesì.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Ẹ gbà mí, sà! Wọ́n fẹ́ pa ọ̀bọ ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n tan án. "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọmọ odó dúró. Ẹ mú ọmọ wọlé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀bọ ń bẹ nígboro." Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, a gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà odó kan dákẹ́, òmíràn dákẹ́, títí gbogbo ìlú fi pa rọ́rọ́. Iyán oníkókó ni wọ́n jẹ ní Ẹ̀fọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn ò sì tíì dárí jì mí.

Nígbà tí mo padà dé ọgbà, odó wa nìkan ló ń dún. Apá ti ń ro ìyàwó wa, mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọdẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bọ ti gun àpáta tó wà lẹ́yìn ọgbà, níbi tí igbó òkè ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí irin níbẹ̀, kò sí okùn. Igi ló wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ibi tí ojú ò tó. Ó wo igbó yẹn fún ìgbà pípẹ́. Èmi ń gún, mo ń wò ó, mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe, ọkàn mi kan sì ń sọ fún un pé, máa lọ, òmùgọ̀, kí lo ń dúró dè?

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn kọjá láàárín wa, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó gba èkejì, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó, ó na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn. Gbogbo èèyàn hó yè. Ìyàwó wa ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi orí ti irin.

Nígbà tí obìnrin Adó padà wá, a sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. A ti pààrọ̀ ohùn odó sí ti ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ tí a ń fi òòlù lù. A sì ti fi òfin kan kún tirẹ̀, pé ẹni tó bá wà láàárín ilẹ̀kùn méjì kì í kí ènìyàn, ìbáà jẹ́ ọba. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Obìnrin náà wo irin, ó wo omi, ó fa kọ́kọ́rọ́ wò. Ó ní ó dára, wọn ò ní gbé ọ̀bọ lọ mọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi máa yọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò yọ̀. Ó ní, "Ẹ ti kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí ó bá jáde. Bí ó bá padà wá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ni kí n ṣe fún un?"

Obìnrin náà wo ọ̀bọ, ó wo òkè. Ó ní ìyẹn kò sí nínú òfin. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun rò bẹ́ẹ̀, ó sì mú korobá, ó lọ pọn omi tuntun fún ọ̀bọ náà.