Rúlà Mi àti Ọ̀pá Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Kí ẹnikẹ́ni tó kórìíra mi ní Ìlọrin, ariwo òfì ti ṣáájú wọn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ: gbà-gbà, gbà-gbà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán títí di ìrun Àsárì. Ahunṣọ mẹ́jọ ló wà lábẹ́ páànù gígùn kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba, wọ́n jókòó ní ìlà, ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń ju òwú sọ́tùn-ún sósì. Ariwo náà pọ̀ débi pé lọ́sẹ̀ tí mo dé, adìẹ ilé náà yé ẹyin tó ti fọ́ kó tó jáde. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ adìẹ.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé kẹta ni, mo wá láti abúlé wa lápá Ìgbómìnà láti lo ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń rán mi nílé ìwé, lẹ́tà tí wọ́n fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ mi ni ọ̀gá ilé ìwé sì máa ń gbà lọ́wọ́ mi kó tó jẹ́ kí n wọlé. Ẹni tó bá lóye, tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, á rọra ṣe. Èmi ò rọra. Mo ki rúlà onígi kan bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi bí ọ̀gá kansúlù, gbogbo ibi tí mo bá sì lọ ni orí rẹ̀ ti ń gún mi ní àgbọ̀n. Bí ahunṣọ kan bá kí mi ní "mọ́nìn," mo máa ń ní kó tún un pè dáadáa. Wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, mo máa ń dìde dúró láti ṣàlàyé fún wọn pé ayé rí róbótó. Wọn ò béèrè o. Wọ́n kàn ń jẹ ẹ̀kọ wọn ni.

Wọ́n fi mí sórí òfì kan kí n máa kọ́ṣẹ́. Ẹni tó jókòó tì mí ni ọkùnrin kan tí gbogbo ilé ń pè ní Eléjì, nítorí àlàfo iwájú eyín rẹ̀, tó fẹ̀ débi pé ó lè súfèé kó máa jẹ ẹ̀pà lọ. Kò fẹ́ràn mi rárá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sì tilẹ̀ fi tiwọn pa mọ́. "Akọ̀wé," ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni ń tu eegun ẹja. Bí wọ́n bá pariwo orúkọ yẹn láti ẹ̀yìnkùlé, àwọn ewúrẹ́ tó wà ní ọjà Ipata á dìde dúró.

Ọ̀pá kan wà lára ògiri ilé náà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ti sọ di dúdú, tí wọ́n fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára. Ẹ mọ̀ pé aṣọ òfì kì í fẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já ni a ń hun ún, télọ̀ ni yóò wá tò ó pọ̀ tí yóò rán an. Ọnà tó wà lára ọ̀já tèmi gbọ́dọ̀ dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọnà tó wà lára ti ẹlòmíràn, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó tuntun á wọ aṣọ tí ojú rẹ̀ wọ́ níwájú àwọn àna rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lórí òfì, gbogbo wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní igi ìdáná. Mo sọ ọ́ lójú wọn, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ìwé wọlé, òjò ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ẹja kan tó ń gba iwájú Ọjà-Ọba kọjá, tó ń béèrè ọ̀nà odò Asà. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún lẹ́tà mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, lẹ́tà ilé ìwé."

"Sà ta ni? Ṣé ọlọ́pàá ni mí ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Wọ́n ń fọ eyín. Wọ́n fọ̀ ọ́ fún bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Ìwé tí mo ń rán ọ yìí, mi ò tíì rí nǹkan kan tí o fi ṣe ju pé o ń fi bú àwọn èèyàn mi. Àǹkóò ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ gbé jáde. Hun ọ̀já mẹ́ta sí i. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, a ó tẹ́ tìrẹ ti tiwa. Bó bá bá a mu, mo kọ lẹ́tà, o wọkọ̀ ní Sátidé. Bí kò bá bá a mu, wàá jókòó síbí, wàá máa hun ún títí yóò fi bá a mu."

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni.

Láàárọ̀ Tùsúdè, mo mú ọ̀já kan tí Eléjì ti hun tán, tí wọ́n ti gé kúrò lórí òfì. Mo tẹ́ ẹ sórí àga, mo yọ rúlà. Láti ọnà kan dé èkejì, ínṣì mẹ́sàn-án gééré. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì bí tíṣà wa ṣe máa ń ṣe, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ínṣì mẹ́sàn-án! Kí la wá ń fi igi ṣe?" Mo wá gun òfì mi, mo sì ń fi rúlà wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń hun ún. Ínṣì mẹ́sàn-án, ọnà kan. Ínṣì mẹ́sàn-án, òmíràn. Ọ̀pá ò kúrò lára ògiri ní tèmi.

Ohun tó yẹ kó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ilé dákẹ́. Wọn ò bú mi mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ẹ̀kọ mi wá, wọ́n wo rúlà, wọ́n wo Eléjì, wọ́n sì padà lọ. Eléjì rẹ́rìn-ín músẹ́ láti Tùsúdè títí di Tọ́sìdeè. Mo pe ẹ̀rín yẹn ní ìlara.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n gé ọ̀já mi, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n na tiwọn, wọ́n na tèmi tì í. Ọnà kìíní bá ara mu. Ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, tèmi ti fi ìka méjì kúrú ju tiwọn lọ, nígbà tó sì dé ìparí, àlàfo tó wà níbẹ̀ gba odidi àtẹ́lẹwọ́. Òwú tó wà lórí òfì, wọ́n ti fi òkúta fà á le. Bí a bá gé e, á mí, á sì sún kì. Ínṣì mẹ́sàn-án ti Eléjì, lẹ́yìn tó ti sún kì ni mo wọ̀n ọ́n. Tèmi, orí òfì ni mo ti wọ̀n ọ́n, ó sì wá sún kì nígbà tí wọ́n gé e.

Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu níbẹ̀ àfi èmi.

"Ẹ rí mi," mo ní. "Ẹ ti ń rí mi bọ̀ látọjọ́ yìí."

"Láti Tùsúdè," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Ẹni tó mọ̀ pé ayé rí róbótó, ṣé àwa la ó wá kọ́ ọ pé aṣọ ń sún kì?"

"Ẹ ò sì lè sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ká ọ̀já wọn. Wọn ò gbójú sókè. "Ṣé o bi wá?"

Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé àpótí mi lọ sí Ọ̀fà Garage, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò mí pé mo ń lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta kún lójú mi. Àwọn agbérò ń na ọwọ́ sí mi, "Akọ̀wé, ẹnì kan ló kù o!" Èmi ni ẹni kan náà, mi ò sì ní lẹ́tà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo gbé àpótí mi lérí, mo padà. Wọ́n ti gbé ẹ̀kọ mi kalẹ̀ sí ìdí òfì, wọ́n sì ti ta òwú tuntun sórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ọ̀já mi tó bá tiwọn mu. Nígbà yẹn, wọ́n ní ilé ìwé ti lọ jìnnà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ náà ò sì dé títí dòní. Ìwé mi dúró síbi tí tíṣà ti fẹ́ sọ ohun tó ń mú kí ayé máa yí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń yí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kú, Eléjì ti kú. Èmi ni mo ni páànù gígùn náà báyìí. Mo fọwọ́ ara mi wọ sàréè láti tẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, síbẹ̀ mo ṣì ń bá wọn jà lójoojúmọ́ tí mo bá jókòó. Ọ̀pá wà lára ògiri. Rúlà wà lọ́dọ̀ mi, òun ni mo fi ń họ ẹ̀yìn.

Lọ́dún tó kọjá, àgùnbánirọ̀ kan ní òun fẹ́ kọ́ òfì kí òun tó padà sílé. Obìnrin tó mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní ọjọ́ kẹta, ó tẹ́ ọ̀já kan sórí àga, ó na fóònù lé e lórí, ó sì pariwo iye tí fóònù sọ. Gbogbo àwọn ahunṣọ mi dákẹ́. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn.

Mo jẹ́ kó hun tó ìka mẹ́rin, torí èmi náà kì í ṣe màlékà. Lẹ́yìn náà mo wúkọ́.

"Ọmọ mi, orí òfì ni kí o ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá ń bẹ lára ògiri."

Ó wo ọ̀pá, ó wo ohun tó hun, ojú tì í díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ò gbà tó ìṣẹ́jú kan lẹ́nu mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó pé gbogbo ìwé tí mi ò kà, ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà á là kò ju báyìí lọ.

"Ẹ ṣé gan-an, sà," ó ní.

"Sà ta ni?" mo dá a lóhùn. "Ṣé ọlọ́pàá ni mí ni?"

Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jáde lẹ́nu mi yẹn. Inú bí mi, mo sì ń ju òwú sọ́tùn-ún sósì lọ.