Ẹ̀kọ́ Ìgbèkùn Júdà Láti Ẹnu Ará Kétu

Àárẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Láàárọ̀, mo ń wọn ekùrọ́ ní ilé òwò òyìnbó kan ní Ganhi, àdúgbò ọlọ́jà létí òkun nílẹ̀ Dàhòmì. Bí ọ̀sán bá rọ̀, mo máa gbọn eruku ekùrọ́ kúrò lára ẹ̀wù mi, mo máa fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn gbígbóná dé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ wa ti ń kọ́ àwọn ọkùnrin tí yóò di olùkọ́ àti oníwàásù. Ìtàn Ísírẹ́lì àtijọ́ ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn. Èmi fúnra mi kò rí olùkọ́ kankan fún un. Inú ìwé àlòkù tí mo ń rà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni mo ti kọ́ ọ, òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn ní Faransé, mo sì kà wọ́n títí èèpo ẹ̀yìn wọn fi já.

Ohun tí èèyàn lè wọ̀n, tí ó lè fọwọ́ kàn, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Mo mọ bí àwọn èèyàn Hesekáyà ọba ṣe gbẹ́ ọ̀nà omi lábẹ́ Jerúsálẹ́mù: àwọn kan ń gbẹ́ bọ̀ láti ìhín, àwọn kan ń gbẹ́ bọ̀ láti ọ̀hún, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara wọn nínú àpáta. Ẹgbẹ̀fà ìgbọ̀nwọ́ ni gígùn rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kíláàsì, ara mi yá gágá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, kí la lè fi èyí wàásù?"

Mo ní kò sí. Ó sì rọra gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdọọdún ni ìbéèrè yẹn ń dé, láti ẹnu ẹlòmíràn. Ìwàásù ni wọ́n ń wá. Èmi ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn tí a ń kà nípa wọn, pé wọ́n ń san owó orí, pé omi ń wọ́n wọn lọ́gbẹlẹ̀, pé eyín ń dùn wọ́n. Mo ń sọ ọ́, wọ́n ń yán. Nígbà tó pẹ́, èmi náà ń yán.

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọkùnrin ará Kétu kan wà láàárín wọn. Òun ló dàgbà jù ní kíláàsì. Káfíńtà ni kó tó wá, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ó mọ Ìwé Mímọ́ lédè Yorùbá bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Òfin ìjọba sì le lórí èyí: Faransé ni kí olùkọ́ fi kọ́ni, ilé-ìwé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á tì í. Ká tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan lójú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ará Kétu ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó kùnà. Bó bá tún kùnà, ilé ló ń lọ, iṣẹ́ olùkọ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìbò la fi ń pín ẹ̀kọ́. Ìgbèkùn Júdà ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ lágbègbè wa pé ogun Dàhòmì fọ́ Kétu láyé àwọn bàbá wa, tí wọ́n kó àwọn ará ìlú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun ọba Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó rìn padà wálé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àgbómẹ̀ kan sì wà láàárín wa, òun ló kéré jù, òun ló sì gbọ́ Faransé jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ìtàn ilé yín ni wọ́n fún yín," ó ní. "Ibi tí wọ́n bá kọ Bábílónì sí, ẹ ṣáà máa pè é ní Àgbómẹ̀."

"Ìwọ wá ni Nebukadinésárì?"

"Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Bí kì í bá ṣe Faransé tó dé, oko wa lẹ ò bá máa ro báyìí."

"Oko wo? Ìwọ tí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Wá kọ́ mi ní Faransé jàre, ọmọ jagunjagun."

Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Lálaalẹ́ ni ọmọ Àgbómẹ̀ yìí ń jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pe ọ̀rọ̀ Faransé fún un, tí òun náà ń pè é tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ wúwo bí ẹni ń fa pákó.

Ìtàn náà ni èmi ń kọ́ ọ. Mo máa ń dúró lẹ́yìn kíláàsì, ẹsẹ̀ mi á ti wú nínú bàtà.

"Ta ló lo oṣù mẹ́ta péré lórí oyè?"

"Jèhóíákímù."

"Rárá, bàbá nìyẹn. Jèhóíákínì ni ọmọ."

"Ọ̀gá, kí ló dé tí wọn kò wá orúkọ míì fún ọmọ ọ̀hún?"

Mo sọ fún un bí ọba Bábílónì ṣe kọ́kọ́ kó ọmọdékùnrin ọba náà àti ìyá rẹ̀, tí ó kó àwọn ìjòyè, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣọ̀nà.

"Káfíńtà ńkọ́?"

"Wọ́n wà lára oníṣọ̀nà."

"Ó gbọ́n, ọba yẹn."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àlùfáà òyìnbó kan tí kì í jágbe mọ́ èèyàn, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àgbà ìjọ kan. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ará Kétu bẹ̀rẹ̀. Faransé rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ó fi ẹfun ya ọ̀nà tí àwọn ìgbèkùn gbà: wọn kò la aṣálẹ̀ já, apá àríwá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó tẹ̀lé odò Yúfírétì sọ̀ kalẹ̀. Kò da bàbá pọ̀ mọ́ ọmọ. Ọmọ Àgbómẹ̀ béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn, èyí tí àwọn méjèèjì ti jọ múra rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dáhùn rẹ̀ láìkọsẹ̀. Mo mí kanlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wá nawọ́. Kò ní èrò ibi kankan. Ó ní nígbà tí ọba Páṣíà ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ?

Mo ti kọ́ ọ ní ìdáhùn èyí: wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti ń ṣòwò, ọ̀nà sì jìn. Ó la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ Faransé bíi méjì, ó yíjú padà. Ó ń wo ọ̀nà tó yà sára pátákó. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, Nàgó, bí a ṣe ń pe Yorùbá níbí, ló jáde.

"Ẹni tó bá ti bímọ sí ibì kan, ọ̀nà ilé rẹ̀ ti di méjì. Ọmọdé ni wọ́n kó ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Kétu. Àgbómẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé, bàbá ọmọ sọ fún ìyá mi pé, ìwọ lè lọ, ọmọ mi ò lọ síbì kankan. Ìyá mi lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti àwọn ọmọ tirẹ̀. Ní Kétu, àwọn èèyàn máa ń yin ìyá mi pé ó padà. Mi ò gbọ́ ọ rí kó bú ẹni tó dúró."

"Faransé, jọ̀wọ́," ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí.

Ó gbìyànjú. Nàgó ló tún ń wá sí i lẹ́nu. Ọmọ Àgbómẹ̀ dìde láìsí ẹni tó rán an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà ti sọ, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì. Ará Kétu kò dárúkọ ẹni tó kó ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ló fi í kún un. Ó ní, "Àwọn èèyàn wa ló kó wọn." Lẹ́yìn náà ó túmọ̀ ìyókù, ó jókòó.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo ní ọkùnrin náà kọ́ni dáadáa.

"Mo gbọ́ ọ," ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní. "Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba bá dé ilé-ìwé rẹ̀, ta ni yóò dìde túmọ̀ fún un?"

Òótọ́ ló sọ. Àgbà ìjọ ní ó ṣeni láàánú, ó sì wá fìlà rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ògiri Jerúsálẹ́mù kò wúlò fún mi lọ́jọ́ náà.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún un. Mo bá a níbi tó ti ń ká ẹní rẹ̀.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Láti ìgbà tí Nàgó ti bọ́ lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀."

"Mo ṣáà fún ọ ní ìdáhùn."

"Ẹ fún mi, ọ̀gá, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe béèrè báyìí, ojú ìyá mi ni mo rí."

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ láti sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọ Àgbómẹ̀ bá a gbé àpótí irinṣẹ́. Ọkọ̀ méjì ló wà láàárọ̀ náà. Ọ̀kan ń gba Àjàṣẹ́ lọ sí Pọ̀bẹ́, ibẹ̀ ni ará Kétu ti máa ń sọ̀, kó wọ mọ́tò lọ sílé. Èkejì ń lọ sókè, sí Bóhíkọ̀n, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Àgbómẹ̀ ti ń sọ̀. Mo rí i tó tò sẹ́yìn àwọn tó ń lọ sí Bóhíkọ̀n, mo rò pé ó ṣìnà.

"Ọkọ̀ tìrẹ kọ́ nìyẹn."

"Òun ni, ọ̀gá. Mo ti rán èèyàn sí ìyàwó mi pé mo máa pẹ́ díẹ̀."

Ọmọ Àgbómẹ̀ gbé àpótí sílẹ̀. "Ilé bàbá mi kò jìnnà sí ààfin, ẹnikẹ́ni á fi hàn yín. Ẹ ní èmi ni mo rán yín, wọ́n á fún yín ní ibi tí ẹ máa sùn. Bí bàbá mi bá ní kí ẹ wá ro oko, ẹ má dá a lóhùn."

"Ilẹ̀kùn ni mo máa bá a kàn. Ó dá mi lójú pé èyí tí ẹ ní kò ṣeé tì."

Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wá lọ, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Àgbómẹ̀.

"Orúkọ tí ìyá mi ń pè é ni mo mọ̀," ó ní. "Mi ò mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ rí."

Ọkọ̀ fọn fèrè. Ó gbé àpótí rẹ̀ lé èjìká, ó sì wọlé.