Àwọn Orúkọ Tí Àlàájà Ń Dá Níwájú Káábà

"Bí o ò bá dìbò fún un, n ò ní í dárúkọ rẹ níwájú Káábà mọ́! Ṣé o gbọ́? Ìwọ àti ìyàwó rẹ!"

Báyìí ni ìyá náà ń pariwo sínú fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ọṣẹ ti kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, tí fóònù há sáàárín etí àti èjìká rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀, nílé ní Nàìjíríà. Àgbàlagbà ni àbúrò yìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ mo ń gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Màá dì í. Màá kó gbogbo ilé lọ dì í." Ìyá náà pa fóònù, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ti gbà," ló wí. "Ta ló kàn?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Nákásà là ń gbé, àdúgbò orí òkè kan ní Mẹ́kà tí àwọn ilé gun ara wọn lórí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ní ìkámà, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò lè gbé ìlú náà. Gbogbo ilé ń pe ìyá tó ń pariwo sí fóònù yìí ní Àlàájà, àfi bí ẹni pé kò sí Àlàájà mìíràn ní ìlú tí gbogbo obìnrin wa ti di Àlàájà. Òun kọ́ ló bí mi. Yàrá rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Híndáwíyà ní Jídà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jẹ́ kó wá wò mí. Bàbá mi, wọ́n ti mú un, wọ́n ti dá a padà sílé kí n tó mọ ojú rẹ̀. Nítorí náà Àlàájà ló ń fún mi lóúnjẹ, òun ló ń dirun fún mi, òun náà ló sì ń nà mí.

Aṣọ ló ń fọ̀. Aṣọ funfun méjì tí àwọn ọkùnrin máa ń ró lọ sí Káábà ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn Àlàájì wa ń kó o wá. Orí òrùlé ló ti ń fọ̀ ọ́. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbóòórùn bílíìṣì níbikíbi, ara mi á kọ́kọ́ wá ìbòjì, nítorí òòrùn orí òrùlé yẹn kì í ṣe kékeré. Màá gbọ́ bí aṣọ tútù ṣe ń dún pàà lára ògiri, bí àwọn ará orílẹ̀-èdè Bọ́má tó ń gbé nísàlẹ̀ ṣe ń gún ata, àti ohùn Àlàájà tó ń borí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹnì kan láti ìlú wa ló fẹ́ lọ ṣe aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Àlàájà kò ní káàdì ìdìbò. Ó pẹ́ tó ti kúrò nílé débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ẹbí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń bímọ. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ Káábà, èyí sì ju káàdì lọ. Kò sí ẹni tí kò ní ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún nílé: ọmọ lẹni kan ń wá, ọkọ lẹlòmíì ń wá, ẹsẹ̀ ló ń dun ẹlòmíì. Gbogbo wọn ló ní kó máa dárúkọ àwọn. Ó wá sọ fún wọn pé ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí ìka yín lọ́jọ́ ìdìbò. Ilé kan dé ilé kejì, ó ń pè wọ́n, ó ń bú wọn, ó ń tù wọ́n, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba káàdì. Ìjọba tiwa-n-tiwa tí wọ́n ń pariwo yìí, orí òrùlé ní Nákásà ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn òṣèlú. Iléèwé mi ló ń wá. Inú yàrá ni wọ́n ti bí mi, kò sí ìwé kankan tó sọ pé wọ́n bí mi, iléèwé kankan kò sì lè gbà mí. Lójoojúmọ́ ni mo ń fara ti ògiri òrùlé, tí mo ń wo àwọn ọmọbìnrin tó ń ti iléèwé bọ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo fi èdè Lárúbáwá dá a lóhùn pé kò sí nǹkan kan. "Yorùbá ni kó o bá mi sọ," ló wí, "ojú ẹ ti sọ ọ́ tán ná." Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn nítorí ìdìbò.

Ìròyìn rẹ̀ dé etí ọkùnrin tó fẹ́ ṣe aṣojú-ṣòfin náà, ló bá pè é fúnra rẹ̀. Àlàájà ṣí ohùn fóònù náà síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Àlàájà, ìyá wa nílẹ̀ mímọ́! Wọ́n ní ẹ̀ ń gbé wa ró. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?"

"N ò fẹ́ kọ́bọ̀ yín," ló fèsì. "Ọmọ kan wà lọ́wọ́ mi, kò níwèé, kò sì lè lọ síléèwé. Ẹ bá mi rí sí i."

"Ṣé èyí náà ni? Àlàájà, mo fi Ọlọ́run búra. Bí mo bá wọlé, màá bá àwọn èèyàn wa ní ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà ní Jídà sọ̀rọ̀. Kí ọdún tó yípo, ọmọ yẹn á ní ìwé ìrìnnà, á sì wọ iléèwé."

Àlàájà yíjú sí mi. "Ìwọ náà gbọ́ ọ," ló wí. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi orúkọ ọkùnrin náà kún àwọn tó ń dá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun alásàárì, a ó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, a ó lọ yí Káábà ká. Màá di aṣọ rẹ̀ mú, bàtà àwa méjèèjì á wà nínú ọ̀rá lábíyá rẹ̀, ilẹ̀ mábù á tutù lẹ́sẹ̀ mi, òórùn tùràrí àti ti òógùn á dàpọ̀ mọ́ra. Orúkọ náà ní bó ṣe ń tò wọ́n: àwọn òbí rẹ̀ tó ti kú, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, àbúrò rẹ̀, gbogbo agboolé, lẹ́yìn náà ọkùnrin náà, lẹ́yìn náà ìyá mi, lẹ́yìn náà èmi. Mo bi í pé kí ló dé tí àlejò fi ṣáájú èmi àti ìyá mi. Ó ní ilẹ̀kùn ni ọkùnrin náà, àfi kéèyàn gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tó bá ti ń mí hẹlẹ, èmi ni mo máa ń bá a gbà á, bí orin tí wọ́n ti kọ́ mi.

Ọkùnrin náà wọlé. Àlàájà jókòó sínú omi ọṣẹ nígbà tó gbọ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dín mósà, ó pín in kárí ilé. Ìyàwó ará Bọ́má tó wà nísàlẹ̀ bi wá pé ta ló bímọ. "Àwa ni," ni Àlàájà fi Lárúbáwá rẹ̀ tí kò já gaara dá a lóhùn, "aṣòfin la bí."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, aṣòfin tí a bí wá ṣe Úmúrà. Àwọn ará ìlú wa pé jọ sílé ẹnì kan ní Kúdáì, àdúgbò mìíràn ní Mẹ́kà, láti kí i. Ó ga, ó sanra, òórùn dáadáa ń ti ara rẹ̀ jáde. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ dà lọ́la, mo ní "duktúrà", ìyẹn dókítà lédè Lárúbáwá, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí kí wọ́n lè ya fọ́tò, Àlàájà sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé mi léjìká. Lẹ́yìn náà ni Àlàájà kúnlẹ̀. Eékún tó ń dùn ún lójoojúmọ́ ló fi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle, ó ń rán an létí ọ̀rọ̀ mi. "Ẹ dìde, Àlàájà, ẹ dìde," ló ń wí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló ń wò. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Ọmọ mi á wá bá yín lọ́la."

Lóòótọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó gun òkè Nákásà, ó ń mí gúlegúle, ó gbé báàgì kan lọ́wọ́. Àlàájà fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní Bísímílà, ó ṣí i. Aṣọ funfun méjì ló wà níbẹ̀, òróró ọbẹ̀ ti ta sí i.

"Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ bá àwọn fọ̀ ọ́," lọ́mọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní kó funfun dáadáa o."

"Ìwé ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti wà lọ́nà, Àlàájà."

Ó fọ̀ ọ́. Ó rẹ ẹ́, ó gbo ó, ó sá a, ó lọ̀ ọ́. N ò rí aṣọ tó funfun tó bẹ́ẹ̀ rí, inú sì ń bí mi dòní nítorí bó ṣe funfun tó. Ọmọkùnrin náà wá gbé e, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú wọn, ó tán. Àlàájà pe nọ́ńbà aṣòfin náà títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Iléèwé wọlé, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé báàgì ń kọjá, mo wà lórí òrùlé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Àwọn ènìyàn ní kó gbé ọkùnrin náà ṣépè níwájú Káábà. Ó kọ̀. "Ẹnu tí mo fi pe adégún, n ò ní í fi pe adéògún," ló wí, ó sì ń dá orúkọ rẹ̀ lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ aṣọ òkú tó ti fi omi mímọ́ Sámúsámù fọ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀. Mẹ́kà ló fẹ́ kí wọ́n sin ín sí, àdúrà rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Ó ká a sínú ọ̀rá. "A ń lọ sílé," ló wí fún mi. "Iléèwé wà níbẹ̀."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tí kò níwèé: kó lọ fa ara rẹ̀ lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ ní Jídà, kí wọ́n dá a padà. Ẹni tí wọ́n bá tẹ ìka rẹ̀ síwèé níbẹ̀ kò ní lè padà mọ́, a gbà pé ó ti dágbére fún Mẹ́kà nìyẹn. Ìyá mi, tó fẹ́ dúró kó lè máa rán owó iléèwé mi, dì mọ́ ọn. "Àlàájà, ṣebí ibí lẹ ní kí ilẹ̀ ti jẹ yín?" Ó ní, "Òkú ò wá nǹkan kan. Ọmọ ló ń wá iléèwé." Mo wo bí wọ́n ṣe ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bílíìṣì ti jẹ ẹ́, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ léraléra kó tó hàn. Wọn kò tẹ tèmi, wọ́n ní ọmọdé ni mí.

Nílé, mo wọ iléèwé, mo ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì lọ. Nígbà tí ìdìbò tún ń bọ̀, wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ oríta. Èmi ni. Ọwọ́ aṣòfin wà lórí mi, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń ṣojú wa dé Mẹ́kà. Wọ́n ti gé Àlàájà kúrò, ó ku ọwọ́ rẹ̀ nìkan ní èjìká mi. Ó dúró, ó wò ó pẹ́. "Ọwọ́ mi rèé," ló wí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọkùnrin náà kò tijú, wọ́n wá bá a pé kó tún bá àwọn kó èèyàn jọ. Ó fún wọn lómi. "Mo ti dárúkọ rẹ̀ tó," ló wí. "Ẹ ní kó wá dárúkọ tèmi."

"Ẹ̀yin ni Àlàájà náà," lọ̀kan wí.

"Àlàájà kí ni?"

Wọ́n mu omi wọn, wọ́n lọ. Ọkùnrin náà sì tún wọlé. Àbúrò Àlàájà náà dìbò fún un. Ó ní ṣebí ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ pé èèyàn gidi ni.

Ọdún tí mo parí ìwé mẹ́wàá ni Àlàájà kú. Ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, aṣọ Sámúsámù yẹn la fi wé e. Aṣojú-ṣòfin kò lè wá. Wọ́n ní ó wà ní Mẹ́kà, ó ń ṣe Úmúrà.

Mo di dókítà. Ilé ìwòsàn kan ní Jídà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ìkámà wà nínú pọ́ọ̀sì mi, kò sẹ́ni tó lè lé mi. Bí mo bá ráyè lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń lọ yí Káábà ká, mo sì ń dá àwọn orúkọ náà bí Àlàájà ṣe kọ́ mi. Orúkọ tirẹ̀ ni mo fi kẹ́yìn, lẹ́yìn tèmi. Mo ti gbìyànjú láti fo ọkùnrin yẹn. Bí mo bá ti fò ó, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lẹ́nu, n ò ní í rántí ẹni tó kàn, àfi kí n padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn òbí rẹ̀. Màá wá dárúkọ ọkùnrin náà níwájú Ọlọ́run, nítorí n ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà dé ọ̀dọ̀ Àlàájà.