Ọkọ̀ Oníjòkòó Méjì

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, n kò sì tíì gbàgbé ẹnìkan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú, ipò tó sì wù ú jù láyé náà nìyẹn.

Mo rántí ìgbà tí wọ́n mú mi wọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí nígbà náà, ikun imú ń ṣàn lé e lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi fà á síwájú mi, wọ́n ní, “Ẹni tí o bá bá nínú ilé yìí, ọkọ rẹ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. O ò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí.” Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó gba oyè ìwé dé rẹ́rìn-ín sínú, mo sì kúnlẹ̀. Ọmọ tí mo lè gbé pọ̀n ni mo pè ní “ọkọ mi”, tí mo sì ń fi “ẹ” bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà. Èmi ni mo ń jókòó tì í tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi ni mo ń lọ bẹ àwọn olùkọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá jà. Síbẹ̀, “ọkọ mi” ni mo ń pè é. Kí n má parọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi a máa yìn mí pé ìwé ò sọ mí di òyìnbó, orí mi á sì wú bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Ọkọ mi gan-an, ìyẹn ẹni tí mo fẹ́, ní mọ́tò kan. Ọkọ̀ eléré oníjòkòó méjì ni, aláwọ̀ ewé tó ṣú, tó rà ní àlòkù nígbà tí àwa méjèèjì ń kàwé lókè òkun, tó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá sílé. Aṣọ ni orùlé rẹ̀, ó ṣeé ká sẹ́yìn. Ó relẹ̀ débi pé bí èèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, eruku títì ni yóò kọ́kọ́ kí i. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Jókòó-nílẹ̀. Kò sí ibi tí a lè fi àpò ìrẹsì sí nínú rẹ̀, àwọn ọmọ wa pàápàá ò lè bá wa wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó ká orùlé, a ó lọ ra ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀, a ó sì gba Ring Road padà bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Nítorí pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, ọ̀nà tiwa kò sì bá a mu. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wà níwájú wa, awakọ̀ ò lè rí ohun tó ń bọ̀. Èmi tí mo jókòó lápá òsì ni mo ń yọrí wò ó fún un. Màá ní, “Dúró… dúró… ó yá, kọjá!” Ọkọ mi á sì kọjá láì bi mí ní ìbéèrè kejì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n tí àwọn èèyàn ń to ọkọ̀ sílẹ̀ de epo nílé epo, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ wá ń kán jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí kò lágbára. Nígbà tí dókítà sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá, pé láìpẹ́ àwọn yóò dá a sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. Ó gbé ọwọ́ òsì lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ọkọ̀ mi… ni kó gbé mi relé. Ìwọ ni kó wà á. Èmi á máa… wojú ọ̀nà fún ọ.”

Ọkọ̀ náà ti dúró sílé pẹ́, búréèkì rẹ̀ ti gan. Mo ní kí wọ́n fà á lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Challenge, mo sì ní kí àbúrò ọkọ mi bá mi dé ibẹ̀, nítorí pé òun ló gbọ́ èdè mọ́tò. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé nígbà náà, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn kan tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sáré ìje lọ́jọ́ Àìkú, lójú títì kan tí wọ́n là tí wọn ò parí. Àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ àti ọmọ àwọn ọlọ́rọ̀ ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fura. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mẹkáníìkì ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń ṣàwàdà: “Màmá, ọkọ̀ yìí ṣàìsàn o. Ọkọ ńkọ́? Ṣé ara òun le?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí àbúrò ọkọ mi, mo ní, “Ọkọ mi, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe náà ni kí wọ́n ṣe.” Mo sì sáré padà sí ilé ìwòsàn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti bi í léèrè, yóò ní, “Ìyàwó, ẹ fọkàn balẹ̀. Yóò yà yín lẹ́nu.” Ní èyí, kò parọ́.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa dá ọkọ mi sílẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gba Challenge lọ láti gbé ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣìnà ni. Wọ́n ti yọ orùlé aṣọ dànù. Wọ́n ti tú gbogbo dígí àti kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fi iná jó àwọn ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀, kí wọ́n má baà ṣí lórí eré. Wọ́n fi irin róbótó ṣe nǹkan kan sínú rẹ̀ bí àgò adìẹ, kó lè dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Awakọ̀ nìkan. Irin kan là gba apá òsì kọjá, níbi tí ìjókòó mi wà tẹ́lẹ̀. Ìjókòó náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ nọ́ńbà funfun gàdàgbà sára ilẹ̀kùn.

Mo ké mọ́ mẹkáníìkì: “Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?”

Ẹnu yà á. “Màmá, ọkọ yín mà ni.”

“Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn! Àbúrò ọkọ mi nìyẹn!”

“Háà! Ẹ pè é ní ọkọ mi níbí, gbogbo wa la gbọ́. Ẹ tún ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

“Ṣé ẹ kì í ṣe Yorùbá ni? Ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ ní ọkọ?”

Ọkùnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìwé tí mo kó sábíyá àti gíláàsì ojú mi. Kò rí mi fín. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: “Màmá, ìyàwó àwọn bàbá wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn bíi tiyín, ta ni yóò rò pé ẹ ṣì ń ṣe é?”

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ẹnu tí mo fi ń gba ìyìn ni mo fi gbé ọkọ̀ ọkọ mi fún ẹlòmíràn.

Mo lọ bá àbúrò ọkọ mi nílé iṣẹ́ rẹ̀. Kò sá, kò sì tijú. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ò lè wa mọ́tò mọ́. Ṣé kí ó jẹrà sínú ọgbà ni? Ọkọ̀ eré ló jẹ́ láti ilẹ̀ wá. Ohun tí kò bá ti lè mú un sáré, ẹrù ni.” Mo ṣàlàyé ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ mí. Ó họ orí, ó ní kí n jẹ́ kí ìje ọjọ́ Àìkú kọjá, òun yóò dá ohun gbogbo padà sí ààyè rẹ̀. Mo gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Wọ́n ń gé ilá lọ, wọn ò wojú mi. “Ọmọ ilé ló mú ohun ilé. Olè wà níbẹ̀ bí?” N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn yẹn náà.

Ọjọ́ Àìkú kọjá, òmíràn tún kọjá. Takisí ni mo fi gbé ọkọ mi wálé. Ó wọ ẹ̀yìn takisí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ọkọ̀ mi ńkọ́?” Mo ní wọ́n ń kùn ún lọ́wọ́. Ó mi orí, ó gbà mí gbọ́, bó ti máa ń gbà mí gbọ́ nígbà tí mo bá ní kó kọjá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé lójoojúmọ́, tó ń tẹ́tí sí títì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ariwo kan sọ ní òpin àdúgbò. Wọ́n ti yọ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́, ó ń bú bí ẹranko. Èmi ò tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Ó ti na ọ̀pá, ó ti dìde kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà á wọ ọgbà wa, ó gun orí ilẹ̀kùn jáde, akoto lórí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́ bí ọmọ tó gba ipò kìíní wálé. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tí Jókòó-nílẹ̀ dà!”

Ọkọ mi rìn yí ọkọ̀ náà ká díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó tún fà á. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó wo inú rẹ̀ lápá òsì, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ìjókòó ìyàwó mi dà?” ó ní.

N kò lè sọ pé ọkọ̀ ló pa á. Dókítà ní àrùn kan náà ló padà wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, òjò ọdún yẹn kò sì dá kí a tó sin ín. Àbúrò rẹ̀ ń bá eré lọ títí tó fi já ọkọ̀ náà sí kòtò, tí wọ́n sì gé e tà fún àwọn onírin àlòkù.

Akóbò ni mo ń gbé báyìí, èmi nìkan. Àwọn ọmọ mi ń sọ pé kí n fi í sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ọmọdé ò mọ̀ pé àtijọ́ nìkan ló kù lọ́wọ́ àgbà. Nígbà òjò tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni náà wá kí mi. Orí rẹ̀ ti funfun, wọ́n dì í mú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ dè é láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìlérí tí kò mú ṣẹ dé orí ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi wá. “Ẹ” náà ni mo fi sọ ọ́. Ahọ́n mi kò mọ ọ̀nà mìíràn. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí tàbí kó bá mi jà. Mo ti múra sílẹ̀ fún méjèèjì. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì gbé ojú sókè, ojú ọmọ tí mo ń bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo rí.

“Ìyàwó,” ó ní, “gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo fi sáré yẹn, mo máa ń wojú èrò kí n tó wọ ọkọ̀, bóyá màá rí yín. Ẹ ò wá rí.”